Ìbò Ń Bẹ Nínú Àtẹ́lẹwọ́, Kò Sí Nínú Orúkọ

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi, tí mo sì ń fà á sẹ́yìn, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìṣèlú dà bí ata rodo: ẹni tó bá ti fi ọwọ́ kàn án kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ náà nu ojú. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rò ó síwá sẹ́yìn, mo rí i pé ọ̀rọ̀ ìṣèlú nìkan kọ́. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni, ọ̀rọ̀ èdè sì ni, èdè náà ló sì kó wa jọ síbí.

Alákijà ni mo ń gbé, ní etí títì márosẹ̀ tó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, láàárín Mile 2 àti ọgbà ìpàtẹ ọjà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Trade Fair. Festac wà ní apá kan wa, Satellite Town wà ní apá kejì, Navy Town tí àwọn ọmọ ogun ojú omi ń gbé kò sì jìnnà. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ni gbogbo wa wà. Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ní Alákijà ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, ó lè gbọ́ Yorùbá, Ìgbò, Ògù, Urhobo, Haúsá àti pijin kí ọkọ̀ náà tó kún.

Ní oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí ìdìbò ààrẹ ku ọ̀sẹ̀ kan, mo lọ gẹ irun mi. Mo bá ọ̀dọ́kùnrin kan ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀, tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni ó fi ń ṣiṣẹ́ jẹun. Ó ń fọ́nnu pé òun lè sọ bí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin yóò ṣe dìbò, láìjẹ́ pé òun bi ẹyọ ẹnì kan léèrè. A ní kó sọ bó ṣe rí i ṣe. Ó ní òun ti rìn láti òpópónà kan sí òmíràn, òun ti ka orúkọ tó wà lára pátákó ìsọ̀ àti ti ilé ìjọsìn, òun ti wo ibi tí àwọn oníṣòwò pọ̀ sí àti ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì pọ̀ sí, òun sì ti fi gbogbo rẹ̀ wé bí ìdìbò 2015 àti ti 2019 ṣe lọ. Ó ní ẹgbẹ́ Labour yóò ní tó ìlọ́po mẹ́rin ìbò APC. Onígbàjámọ̀ dá abẹ dúró lórí mi kí ó lè gbọ́ dáadáa.

Mo fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, èmi náà ti ń ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn mi. Ta ni kì í ṣe é? A ó gbọ́ orúkọ ẹni, a ó wo ọ̀nà tó gbà ń pe ọ̀rọ̀, a ó sì ti pín in sí àgbàlá kan nínú ọkàn wa kí ó tó jókòó.

Ìdìbò wáyé ní ọjọ́ 25 oṣù kejì. Èsì tí àjọ INEC kéde fún Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ni pé Labour ní ìbò 55,547, APC ní 13,318, PDP sì ní 2,383. Ìlọ́po mẹ́rin ó lé díẹ̀! Ọ̀dọ́kùnrin wa di wòlíì ní ìsọ̀ yẹn. Nígbà tí mo tún padà débẹ̀, kò sọ̀rọ̀ nípa wọ́ọ̀dù mọ́. Ènìyàn ló ń fi ìka tọ́ka sí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Tíṣà, APC ni ẹ̀yin dì fún. Màmá tó ń ta ẹja yíyan níwájú yẹn, Labour ni." Mo ní, "Ta ló sọ fún ọ?" Ó ní, "Orúkọ yín ni mo wò, sà."

N kò sọ fún un bóyá ó gbà á tàbí ó ṣì í, n kò sì ní sọ fún ẹ̀yin náà. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìjà èmi àti ìṣirò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ náà, *ìbò*. Ẹni tó bá ti jókòó níwájú babaláwo rí yóò mọ̀ pé ìbò kì í ṣe ohun tuntun láàárín wa. Ohun kéékèèké ni, owó ẹyọ àti egungun ló sì wọ́pọ̀ jù. Ọ̀kan dúró fún "bẹ́ẹ̀ ni", èkejì dúró fún "bẹ́ẹ̀ kọ́". Ẹni tó wá ṣe ìwádìí ni yóò dì wọ́n mú, ọ̀kan ní ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan ní ọwọ́ òsì, yóò sì pa ọwọ́ rẹ̀ dé. Babaláwo kò mọ èyí tó wà níbo. Ifá ni yóò sọ ọwọ́ tí yóò là. Ọ̀rọ̀ kan náà yìí ni a mú lò nígbà tí ìdìbò ti àwọn òyìnbó wọ ilẹ̀ wa, mo sì gbà pé àwọn tó mú un lò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ohun tí a pa mọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́ ni ìbò. Ẹni tó bá wo orúkọ mi tó sì sọ ìbò mi, ńṣe ló ń fi tipátipá la ọwọ́ mi.

(Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra fún *ìbò* àti *Ìgbò* o. Ohùn kan náà ni wọ́n ní, kọ́ńsónáǹtì àárín nìkan ló yà wọ́n. Ní Alákijà, àwọn kan ti sọ ọ̀rọ̀ méjèèjì di ọ̀kan.)

Mo fẹ́ kí ẹ mọ irú ibi tí ọ̀dọ́kùnrin yìí ti ń ṣe ìṣirò rẹ̀. Àwọn Àwórì ni onílẹ̀ ní Amúwo, àwọn Ògù sì wà ní etí ọ̀sà àti ní àwọn erékùṣù wa kí títì tó dé. Nígbà tó yá, ìjọba àpapọ̀ kọ́ ìlú kan síbẹ̀ nítorí àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, FESTAC, tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Nígbà tí àlejò lọ tán, ilé ṣẹ́ kù. Kí ni ìjọba fi pín in? Ìbò ni! Ẹni tí ìbò bá mú ni yóò gba ilé, ilé kan fún ẹnì kan. Báyìí ni ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ Anambra, ọmọ Delta àti ọmọ Kwara ṣe di aládùúgbò ara wọn. Lẹ́yìn náà ni òwò Trade Fair àti ti ọjà Alábà tó wà ní Òjó nítòsí wa tún fa ọ̀pọ̀ oníṣòwò Ìgbò wá. Gbogbo wa mọ̀ pé wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n mélòó ni wọ́n?

Kò sí ẹni tó lè dáhùn, nítorí pé ìjọba kò bi wọ́n. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 1991 àti ti 2006, wọn kò fi ìbéèrè ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn sí inú ìwé, kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀. Iye orí lásán gan-an di àríyànjiyàn. Àjọ ìkànìyàn ní ènìyàn 318,166 ló wà ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ní 2006; ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ka tirẹ̀, ó ní 524,971 ni. Bí a kò bá fẹnu kò lórí iye ènìyàn, báwo ni a ó ṣe mọ iye Yorùbá, iye Ìgbò, iye Ògù tó wà níbẹ̀? Ìdí nìyẹn tí ọ̀dọ́kùnrin wa fi ń ka pátákó ìsọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà wọn yàtọ̀. Láti ọdún 1790 tí wọ́n ti ń ka ènìyàn ni wọ́n ti ń kọ àwọ̀ ènìyàn sílẹ̀. Ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ń kà, orí ìkànìyàn yẹn ni wọ́n sì fi ń tún ààlà ẹkùn ìdìbò fà fún àwọn aṣojú 435 tó wà nílé ìgbìmọ̀ wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá jókòó sí ilé rẹ̀ lè mọ iye aláwọ̀ dúdú tó wà nínú ẹkùn kan, iye àwọn tó kàwé gboyè, iye owó tó ń wọlé fún ìdílé, kí ó sì fi wọ́n díwọ̀n bí ẹkùn náà yóò ṣe dìbò. Àwọn kan ń fi iṣẹ́ yìí jẹun, wọ́n sì máa ń gbà á lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n máa ń ṣì í pẹ̀lú. Ní 1936, ìwé ìròyìn Literary Digest gba èsì ìbéèrè tó lé ní mílíọ̀nù méjì, ó sì kéde pé Landon ni yóò wọlé. Nígbà tí wọ́n ka ìbò, Roosevelt gba ìpínlẹ̀ 46 nínú 48. Ní 2016, àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí, Michigan, Wisconsin àti Pennsylvania, bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Àṣìṣe tèmi kọ́ nìyẹn ṣá. Gbogbo ẹni tó ń fojú díwọ̀n nǹkan ni yóò ṣì í lọ́jọ́ kan. Ohun tó ń dùn mí ni ìgbésẹ̀ kejì tí ọ̀dọ́kùnrin wa gbé, nígbà tó kúrò lórí wọ́ọ̀dù tó bọ́ sórí màmá ẹlẹ́ja. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, W. S. Robinson, ti tú àṣírí ìgbésẹ̀ yìí ní 1950. Ó wo ìkànìyàn orílẹ̀-èdè wọn ti ọdún 1930, ó rí i pé ní àwọn ìpínlẹ̀ tí àwọn tí a bí sí òkè òkun pọ̀ sí, àwọn tó mọ ìwé kà pọ̀ níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Ẹni tó bá yára yóò sọ pé àwọn àjèjì wọ̀nyí mọ̀wé ju ọmọ onílẹ̀ lọ. Rárá o. Nígbà tí Robinson wo wọ́n lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, òdìkejì ló rí: àwọn àjèjì náà ni kò mọ̀wé tó onílẹ̀. Ibi tí àwọn onílẹ̀ tó mọ̀wé pọ̀ sí ni wọ́n kàn lọ tẹ̀dó sí. Ìṣirò àdúgbò tọ̀nà. Ẹni tó gbé e lé olúkúlùkù lọ́rùn ló ṣìnà.

Ẹ mú èyí wá sí Alákijà. Wọ́ọ̀dù tí orúkọ Ìgbò pọ̀ lára pátákó rẹ̀ dìbò fún Labour lọ́pọ̀ yanturu. Ó lè jẹ́ pé àwọn oníṣòwò náà ni. Ó sì lè jẹ́ pé àwọn ọmọ Yorùbá tó jọ ń gbé àdúgbò pẹ̀lú wọn, ọ̀dọ́ tó jáde nínú ìwọ́de EndSARS ní oṣù kẹwàá 2020 tí inú sì ń bí sí ìjọba, wà lára wọn. Àwọn méjèèjì ni, lójú tèmi. Ṣùgbọ́n inú àpótí, bébà ìdìbò kì í jẹ́ orúkọ. Ẹ rántí pé ẹgbẹ́ kan náà yìí borí ní Ìkẹjà tó jẹ́ olú ìlú ìpínlẹ̀ wa, àti pé ní gbogbo Èkó ó fi 582,454 borí APC tó ní 572,606, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó ni Bọ́lá Tinúbú ti ṣe gómìnà fún ọdún mẹ́jọ. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yà nìkan ló ń dìbò, a jẹ́ pé Èkó ti di ìlú Ìgbò lóru ọjọ́ kan láìjẹ́ pé a gbọ́.

Àwọn àgbà tó mọ ìtàn kò ní jẹ́ kí èyí yà wọ́n lẹ́nu. Ní 1951, ẹgbẹ́ NCNC ti Nnamdi Azikiwe ló kó gbogbo ìjókòó márùn-ún tí Èkó ní nílé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn wo ló wọlé? Azikiwe fúnra rẹ̀, Adélékè Adédoyin, T. O. S. Benson, H. P. Adébọ́lá, àti Dókítà Ọlọ́runnímbẹ tó ti jẹ́ olórí ìlú Èkó. Yorùbá mẹ́rin nínú márùn-ún, lábẹ́ ẹgbẹ́ tí àwọn kan ń pè ní ẹgbẹ́ Ìgbò. Ní Ìbàdàn, Adégòkè Adélabú kó àwọn ará ìlú rẹ̀ sẹ́yìn ẹgbẹ́ kan náà, ó sì fi ojú Awólọ́wọ̀ rí màbo. Ẹ gbìyànjú láti fi orúkọ sọ ìyẹn tẹ́lẹ̀!

Bí ìtàn ìgbà náà bá jìnnà sí yín, ẹ wo 2011. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin, ìpínlẹ̀ Èkó fún Goodluck Jonathan ti PDP ní ìbò 1,281,688, Nuhu Ribadu ti ACN sì gba 427,203 péré. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, Èkó kan náà fún Fáṣọlá ti ACN ní 1,509,113 láti ṣe gómìnà. Kò sí ẹni tó kó lọ, kò sí ẹni tó kó dé láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Irú ènìyàn tó ń gbé ìlú kò yí padà. Ohun tí wọ́n ń wá ló yí padà.

Ní ti ẹkùn wa níbí, ní 2015 a rán Oghene Egoh ti PDP, tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá, lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní Àbújá. Ọdún yẹn kan náà ni Ajérọ̀mí-Ifẹ́lódùn rán Rita Orji, tí ẹkùn kejì Òṣòdì-Ìsọlọ̀ sì rán Tony Nwoolu. Gbogbo ayé ń pariwo pé àlejò ti gba ilé. A tún rán Egoh padà ní 2019. Nígbà tó di 2023 tí ìjì Labour jà, tí àwọn kan ní ìjì Ìgbò ni, ta ni ìjì náà gbé wọlé ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin? George Adégeye. Mo fẹ́ kí ọ̀dọ́kùnrin wa fi orúkọ yẹn ṣe ìṣirò fún mi.

Orúkọ tilẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí tí kò ṣeé gbára lé ní Èkó. Ìdílé kan wà tí orúkọ wọn bá orúkọ àdúgbò wa mu. Àwọn baba wọn ti ilẹ̀ Bàhíà ní Brazil padà wálé, Assumpção ni wọ́n sì ń jẹ́. Ọmọ wọn kan, Plácido Assumpção, ló pa orúkọ dà ní 1913, tó di Adéyẹmọ Alákijà. Ọkùnrin yìí ló wá di ààrẹ Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà. Bí onímọ̀ pátákó ìsọ̀ bá wà ní Èkó ní 1912, inú àwọn Potogí ni ìbá kà á sí.

Ẹ jẹ́ kí n dé ibi tí ẹsẹ̀ ti ń wọ́ mi láti dé.

Ìdìbò gómìnà wáyé ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta 2023, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta géérégé lẹ́yìn ti ààrẹ. Olùdíje Labour ni Gbádébọ̀ Rhodes-Vivour, ọmọ ìdílé Èkó tí gbogbo ènìyàn mọ̀, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, tó sì ń jẹ́ Chinedu pẹ̀lú. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, àríyànjiyàn kúrò lórí omi, títì àti owó orí, ó bọ́ sórí bóyá ọkùnrin yìí gbọ́ Yorùbá dáadáa. Àwọn alákìíyèsí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù rán wá kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹ̀yà dẹ́rù ba olùdìbò ní Èkó. Mi ò nílò ìwé wọn kí n tó mọ̀.

Obìnrin kan wà ní òpópónà wa, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, bàbá àti ìyá. Ó pupa rúsúrúsú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, àwa mélòó kan jọ ń lọ sí ibùdó ìdìbò. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan dúró ní ẹnu ọ̀nà òpópónà, n kò mọ ẹni tó rán wọn. Wọ́n jẹ́ kí èmi kọjá. Wọ́n dá obìnrin náà dúró, wọ́n ní, "Ẹ sọ Yorùbá ká gbọ́." Ó kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń ṣeré. Nígbà tó rí i pé wọn kò ṣeré, ó fi ojúlówó Ìjẹ̀bú fọ̀ wọ́n lójú, ọ̀rọ̀ tí n kò lè kọ síbí nítorí àwọn ọmọdé. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹ máa bọ̀, Màmá, tiwa ni yín."

Màmá ẹlẹ́ja yíyan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ Anambra ni màmá yìí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Alákijà ju èmi lọ. Yorùbá tó ń sọ, òwe ló fi ń gbé e kalẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó sọ ọ́, ìbá yege. Kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó wo ohun tó ṣẹlẹ̀, ó fi káàdì ìdìbò rẹ̀ sínú ìdí ìró, ó sì yí padà. Nígbà tí mo bi í ní ìrọ̀lẹ́ pé kí ló dé, kí ló dé tí kò kàn sọ̀rọ̀, kí ó sì kọjá, ó ní, "Tíṣà, mo gbọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ra ìbò mi."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì Yorùbá, ẹ mọ ìtàn Ṣíbólẹ́tì nínú ìwé Àwọn Onídàájọ́, orí kejìlá. Àwọn ará Gílíádì gba ẹnu ọ̀nà odò Jọ́dánì. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá, wọ́n á ní kó pe ọ̀rọ̀ kan. Bí ó bá pè é bí ará Éfúráímù, wọ́n á pa á. Láti kékeré ni mo ti ń ka ìtàn yìí, n kò mọ̀ pé n óò rí i ní òpópónà mi, n kò sì mọ̀ pé èdè tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni wọn yóò fi ṣe é.

Èsì ìdìbò gómìnà ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin nìyí: Labour 34,860, APC 17,576, PDP 2,809. Labour ṣì borí. Ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo tó ti borí nìyẹn nínú ogún. Babájídé Sanwó-Olú gba mọ́kàndínlógún tó kù, ó sì wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìṣirò yìí wé ti oṣù kejì. Ìbò Labour fi 20,687 dín. Ti APC fi 4,258 lé. Nínú gbogbo ìbò tó lọ yẹn, díẹ̀ ló lè ti bọ́ sọ́wọ́ APC. Níbo ni àwọn tó kù wà?

Kí n ṣe òótọ́: kì í ṣe ẹ̀rù nìkan ló dá gbogbo wọn dúró. Peter Obi gan-an kò sí lórí bébà lọ́jọ́ náà, àwọn kan sì wà tí ọ̀rọ̀ gómìnà kò jẹ lógún. Inú tún ti bí ọ̀pọ̀ sí bí ìdìbò ti ààrẹ ṣe parí. Ní oṣù kejì gan-an, nínú àwọn 7,060,195 tó forúkọ sílẹ̀ ní Èkó, 1,347,152 ni wọ́n yẹ káàdì wọn wò. Kò pé ẹnì kan nínú márùn-ún. Ṣùgbọ́n mo mọ ìbò kan dájú nínú ogún ẹgbẹ̀rún yẹn. Mo rí i nígbà tó ń padà sílé.

Ohun tí mo ń bá àwọn tó ń fojú díwọ̀n ìbò jà lé lórí nìyí. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ọlọ́gbọ́n kan bá sọ pé ẹkùn báyìí yóò dìbò báyìí, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì ń dúró de èsì. Níbí, ìdíwọ̀n náà jáde láti ìsọ̀ onígbàjámọ̀, ó sì lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà òpópónà. Wọ́n ní orúkọ ni ìbò. Nítorí náà, bí wọ́n bá dá orúkọ dúró, wọ́n ti dá ìbò dúró. N kò sọ pé ọ̀dọ́kùnrin wa rán ẹnikẹ́ni. Ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n ìṣirò kan náà ni òun àti wọ́n ń lò, wọ́n kàn gbé tiwọn dé òpin ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé apá kan ṣoṣo ló ń ṣe é. Ní oṣù kejì, mo gbọ́ tí àwọn oníṣòwò kan ń pe gbogbo Yorùbá tó bá kọjá ní ọ̀dàlẹ̀ tó ti ta ọjọ́ iwájú ọmọ rẹ̀, láìbi í ohun tó tẹ̀ka fún. Ọ̀dọ́ Yorùbá tó ti tò sórí ìlà láti aago mẹ́fà láti dìbò fún Labour gbọ́ èébú yẹn, ó sì gbé e lọ sílé.

Àwa tí a ń kọ́ ènìyàn ní Yorùbá ní ẹjọ́ tiwa láti jẹ́. Láti ọdún yìí wá ni a ti ń kígbe pé èdè wa ń kú lọ, pé àwọn ọmọ Festac kò lè kí ìyá wọn. A ní kí àwọn àlejò kọ́ ọ, kí wọ́n lè di ara wa. Àwọn kan kọ́ ọ. Kí ni a fi san án fún wọn? Bí Yorùbá bá di káàdì tí wọ́n ń yẹ̀ wò ní ẹnu ọ̀nà, ta ni yóò fẹ́ràn rẹ̀? Ẹni tó bá kọ́ ọ nítorí ẹ̀rù yóò jù ú nù lọ́jọ́ tí ẹ̀rù bá tán.

Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi fún ẹ̀kọ́ èdè. Ọmọ-ọmọ màmá ẹlẹ́ja wà lára wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ní ọdún náà, ó sì mọ àmì ohùn ju àwọn tó ń jẹ́ Adé àti Ọlá lọ. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé ìdìbò yẹn, mo kọ *ọkọ̀*, *ọkọ́*, *ọkọ* sára pátákó, mo ní kí wọ́n pè é. Ó pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìṣì ọ̀kan. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún un. Ó wá nawọ́ sókè, ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá ń pè é báyìí títí tí mo fi dàgbà, ṣé wọ́n á jẹ́ kí èmi kọjá?"

Mo pa pátákó rẹ́. Mo ní kí a lọ sí orí *igbá*, *ìgbà*, *igba*.